Ẹsẹ̀ Ń Ran Ọwọ́ Lọ́wọ́

Ẹ wo téélọ̀ tó ń ránṣọ ní Igolo, lágbègbè Ifangni. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára aṣọ. Kí ló wá ń yí ẹ̀rọ náà? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ta gìtá oníná. Ọwọ́ kan ń tẹ okùn mọ́lẹ̀, ọwọ́ kejì ń ta á. Bó bá fẹ́ yí ohùn gìtá padà láàárín orin, kò sí ọwọ́ tó ṣófo. Bó bá gbé ọwọ́ kan kúrò, orin á dúró. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ló máa ń lò.

Àwọn ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń yí ohùn gìtá padà. Ọ̀kan ń mú kí ohùn náà há, bí ohùn ẹni tó ti pariwo jù. Òmíràn ń dá ohùn padà bí gbohùngbohùn. Òmíràn ń mú kí gìtá ké bí ọmọ ọwọ́.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹsẹ̀ kan ṣe lè tẹ ẹ̀rọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe pátákó ẹlẹ́sẹ̀ tó ní bọ́tìnì. Pátákó yìí kì í dún. Iṣẹ́ ló ń jẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ bọ́tìnì kan, ó ń ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ: “Ìwọ, dákẹ́! Ìwọ, bẹ̀rẹ̀!” Wọ́n á gbọ́ kíá, bí omele ṣe ń gbọ́ ti ìyá ìlù.

MIDI ni orúkọ èdè tí àwọn ẹ̀rọ náà ń gbọ́. Ó ti wà láti ọdún 1983. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Bọ́tìnì kan lè fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́, láti 0 dé 127.

Bọ́tìnì kò gbọ́n fúnra rẹ̀. Onígìtá ló ń kọ́ ọ nílé: bọ́tìnì 1, ohùn tútù, bọ́tìnì 2, gbohùngbohùn, bọ́tìnì 3, ohùn híhá. Bó bá ṣì í kọ́, gìtá á pariwo lójú agbo níbi tó yẹ kó rọra dún. Nítorí náà, ó máa ń dán an wò léraléra kí ọjọ́ eré tó pé.

Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni Lionel Loueke. Ọdún 1973 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá. Okùn gìtá ṣòroó rí fún un. Ó máa ń rẹ okùn àtijọ́ sínú ọtí kíkan kó lè mọ́. Bí okùn bá já, ó máa ń fi wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀. Lónìí, ó ń ta gìtá káàkiri ayé, òun náà sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ tó ń yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti mọṣẹ́ kí ẹsẹ̀ tó wá ràn án lọ́wọ́.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí onígìtá fi ń lo ẹsẹ̀?
2. Ṣé pátákó ẹlẹ́sẹ̀ máa ń dún? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?
3. Kí ni Lionel Loueke ń ṣe bí okùn gìtá rẹ̀ bá já?