Ọwọ́ Ọmọdé, Ọwọ́ Àgbà àti Ọmọrí Ìgò Oògùn

 

Ẹ jẹ́ kí á ro irú òru kan tí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ara ọmọ gbóná. Kò sí iná. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni ẹ ti ra oògùn olómi ní ilé ìtajà oògùn ní Ìtamága. Ẹ mú ìgò náà, ẹ yí ọmọrí rẹ̀, ó ń yí ṣùgbọ́n kò ṣí. Ẹ tún yí i, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ọmọ ń ké, ọwọ́ yín ń làágùn, inú sì ń bí yín. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹ fi eyín sí i, tàbí kí ẹ lọ wá ọ̀bẹ. Nígbà tí ó bá sì ṣí tán, ẹ kò ní fẹ́ dé e pa dáadáa mọ́, nítorí pé ẹ kò fẹ́ jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe ìgbà tí ìgò kọ̀ láti ṣí ni ewu pọ̀ jù, bí kò ṣe ìgbà tí ó ti ṣí tán, tí a kò sì dé e mọ́.

Kí ni ìdí tí wọ́n fi ṣe é kí ó le?

Àwọn tí ó ṣe ìgò náà kò fi í ni yín lára lásán. Ohun mẹ́ta ni ìdérí oògùn ń ṣọ́.

Èkínní ni ọwọ́ ọmọdé. Dókítà àwọn ọmọdé kan wà ní ìlú Windsor, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henri Breault. Ó rí i pé wọ́n ń gbé àwọn ọmọ kéékèèké wá sí ilé ìwòsàn léraléra nítorí pé wọ́n gbé oògùn tí a fi sílẹ̀ ní ilé mì. Akitiyan rẹ̀ ni ó mú kí ọmọrí tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó yí i jáde ní ọdún 1967, iye ọmọ tí oògùn ń ṣe ní jàǹbá ní agbègbè rẹ̀ sì dín kù gidigidi. Ní ọdún 1970, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó fi irú ìdérí bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ fún oògùn àti àwọn ohun olóró inú ilé.

Èkejì ni ọwọ́ ẹni ibi. Ní ọdún 1982, ní agbègbè ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 7 kú nítorí pé ẹnì kan ti fi májèlé sí inú oògùn ìrora tí ó wà lórí àtẹ ìtajà. Láti ìgbà náà ni èdìdì ti wọ́pọ̀ lára oògùn: òrùka kékeré tí ó máa ń já ní ìdí ọmọrí, ọ̀rá tí a fi wé ọrùn ìgò, tàbí bébà dídán tí a fi lẹ ẹnu ìgò. Bí ẹ bá bá èdìdì ní jíjá nígbà tí ẹ ń ra oògùn, ẹ má ṣe gbà á.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rinrin, atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, lẹ́bàá ọ̀sà, ẹ mọ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ nínú àwo ní àkókò òjò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rinrin ṣe ń wọ inú hóró oògùn tí a kò dé. Ó lè ṣàì yí àwọ̀ padà rárá, síbẹ̀ kí agbára rẹ̀ ti dín kù.

Ọmọrí kì í ṣe àgádágodo

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé gbogbo ọkàn lé ọmọrí. Ẹ jẹ́ kí á sọ bí wọ́n ṣe ń dán an wò ní Amẹ́ríkà. Wọn a kó àwọn ọmọ tí ó tó nǹkan bí ọdún 3 ààbọ̀ títí dé ọdún 4 àti oṣù díẹ̀ jọ, wọn a fún wọn ní ìgò náà fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, wọn a ṣí i níṣojú wọn, wọn a sì tún fún wọn ní ìṣẹ́jú 5 sí i. Bí ọmọ 80 nínú 100 kò bá rí i ṣí, ìdérí náà yege. Ẹ wò ó dáadáa: ó lè yege, síbẹ̀ kí ọmọ 20 nínú 100 ti ṣí i láàárín ìṣẹ́jú 10. Nítorí náà, ìdérí ń dá ọmọdé dúró díẹ̀ kí àgbà lè dé bá a ni. Kò lè dá a dúró títí láé.

Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń tà ní ọjà wa ni kò ní irú ọmọrí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi gíga àti àpótí alágadágodo ni ààbò tiwọn.

Bí a ṣe ń ṣí i láìfi agbára ṣe é

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ tẹ̀lé ìlànà wọ̀nyí.

Ìgò tí a ń tẹ̀ kí a tó yí: Irú èyí ni àwọn ọmọ yín tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ó wà lórí rẹ̀, PUSH DOWN AND TURN, túmọ̀ sí pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ẹ sì yí i. Ẹ gbé ìgò náà ka orí tábìlì tàbí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọmọrí náà mọ́lẹ̀, kí ẹ máa yí i sí apá òsì láìṣí ọwọ́ kúrò. Bí ó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ kò tíì tẹ̀ ẹ́ tó ni. Àwọn mìíràn wà tí a ń fún ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi tí wọ́n sàmì sí, kí a tó yí i.

Ọmọrí tí ó lẹ̀ mọ́ ìgò: Ṣúgà inú oògùn olómi ni ó gbẹ sí ẹnu ìgò. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa ọmọrí náà láti òde, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ dì í mú yí. Lẹ́yìn gbogbo ìlò, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ó tutù nu ẹnu ìgò kí ẹ tó dé e. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpara pa ara tàbí tí ẹ ń se ọbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín kúrò nínú òróró.

Èdìdì tí ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò: Ẹ fi ọwọ́ mímọ́ ká a láti etí rẹ̀, tàbí kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì mímọ́ gé e. Ẹ má ṣe fi ìṣó tàbí ìka lù ú, nítorí pé ẹ̀rún rẹ̀ lè bọ́ sínú oògùn. Bí ó bá jẹ́ oògùn ìyẹ̀fun tí a ń po, omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù ni kí ẹ fi pò ó dé ojú àmì ara ìgò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pò ó sí ara rẹ̀, kí ẹ sì dà á nù nígbà tí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá pé.

Oògùn oníhóró tí a tò sínú káàdì: Ẹ gbé àwo sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tì í láti ojú ike kí hóró lè gba ẹ̀yìn já bébà dídán náà. Àgbàlagbà lè fi ìdí ṣíbí tì í. Bí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ bá nípọn, ẹ wo igun rẹ̀ bóyá ó ní ibi tí a ti ń ká a kí a tó ti hóró náà. Èyí tí ẹ óò lò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ yọ. Ẹ má ṣe gé ibi tí orúkọ oògùn àti ọjọ́ ìparí rẹ̀ wà sọ nù.

Oògùn inú ọ̀rá, bí irú iyọ̀ tí a ń po fún ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru: Ẹ gbọn ìyẹ̀fun náà lọ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé orí rẹ̀. Bí ẹ bá fi eyín já a, díẹ̀ lè dànù, òṣùwọ̀n omi tí ẹ fi pò ó kò sì ní bá a mu mọ́.

Àwọn ọ̀nà àbùjá tí ó léwu

Nítorí ìyọnu ọmọrí, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti ní ọgbọ́n tiwọn. Àwọn kan a yọ gbogbo hóró inú káàdì sínú ife kan. Àwọn mìíràn a da oògùn sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi tí ó rọrùn láti ṣí. Àwọn mìíràn a gbé ìgò sí ojú fèrèsé, pẹ̀lú ọmọrí tí wọ́n kàn gbé lé e lórí. Oògùn tí ó kúrò nínú ilé rẹ̀ ti pàdánù orúkọ rẹ̀, òṣùwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí rẹ̀. Nọ́ńbà àjọ NAFDAC, èyí tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ara páálí ni ó máa ń wà. Ara páálí náà ni ibi tí a ń họ lára àwọn oògùn kan wà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, kí ẹni tí ó rà á lè fi fóònù wádìí bóyá ojúlówó ni. Ẹ má ṣe yára ju páálí nù.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún yín ní ilé ìwòsàn sábà máa ń pupa, ó ń dán, ó sì máa ń dùn lẹ́nu ní òde rẹ̀. Lójú ọmọ ọdún méjì, súìtì ni. Ìwọ̀nba hóró díẹ̀ tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ìyá pọ̀ sí i lè pa ọmọ kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà tí ìyá àgbà ń lò. Ẹ má ṣe pe oògùn ní súìtì kí ọmọ lè gbà á mu.

Bí àgbà kò bá lè ṣí i

Làkúrègbé kì í jẹ́ kí ìka àgbà le. A kò ní kí wọ́n máa jìyà. Nígbà tí ẹ bá ń gba oògùn wọn, ẹ sọ fún apòògùn pé ọwọ́ wọn kò lágbára, kí ó fi ṣíṣí rẹ̀ hàn yín níbẹ̀, tàbí kí ó wá èyí tí ọmọrí rẹ̀ rọrùn. Bí ẹ bá gba ọmọrí tí ó rọrùn, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ti di ọmọrí náà: ẹ tì í mọ́ inú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àgbà. Ní ilé alájọgbé, níbi tí ọmọ yàrá kan ti ń wọ yàrá kejì, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí ó bí ọmọ nìkan.

Bí ọmọ bá ti gbé oògùn mì

Ẹ má ṣe dúró kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣe é. Oògùn ẹ̀jẹ̀ lè mú ọmọ bì, kí ara rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti balẹ̀, kí ó tó wá burú. Parasitámọ́ọ̀lù tí ó pọ̀ jù lè máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nígbà tí ọmọ ṣì ń ṣeré.

Ẹ yọ èyí tí ó kù ní ẹnu rẹ̀. Ẹ má ṣe ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa. Bí ó bá jẹ́ kẹrosíìnì ni ó mu, èébì lè gbé e wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí kò bá mọ ibi tí ó wà mọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má sì fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín jù, irú èyí tí ó wà ní Ìkòròdú, tàbí kí ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ mú ìgò tàbí káàdì oògùn náà dání, nítorí pé òun ni yóò sọ fún dókítà ohun tí ọmọ jẹ àti iye tí ó ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí ń kọ́ wa pé kí ọmọdé àti àgbà máa ran ara wọn lọ́wọ́, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìgò oògùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ ọmọdé ní irú iṣẹ́ yìí. Ìyá àgbà tí ó ní, "Wá bá mi ṣí i, ìwọ ni ọwọ́ rẹ yá," ti kọ́ ọmọ náà ní ọ̀nà tí yóò gbà ṣí i lọ́jọ́ tí kò ní sí ẹnì kankan nílé. Àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ó pè, tàbí aládùúgbò.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ wo gbogbo ibi tí oògùn wà ní ilé yín. Ẹ dé èyí tí ó ṣí. Ẹ dá èyí tí ó jáde padà sínú páálí rẹ̀ bí ẹ bá dá a mọ̀. Èyí tí ẹ kò bá dá mọ̀, ẹ kó o lọ fún apòògùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.