Ṣúgà Inú Omi Iyọ̀: Kì í Ṣe Nítorí Adùn

Ìyá kan ní Ketu bi mí léèrè bóyá òótọ́ ni pé kí òun bu ṣúgà sínú omi iyọ̀ tí òun ń fún ọmọ òun tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kọ̀ jálẹ̀. Màmá ní ohun dídùn ní í fa jẹ̀díjẹ̀dí, nítorí náà omi iyọ̀ lásán ni kí ọmọ máa mu. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní agbègbè wa. Nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù June 2024, Kosofe wà lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera, kọ́kọ́ dárúkọ. Bí Odò Ògùn bá sì kún dé Ikosi àti ẹ̀yìn Mile 12, omi ṣáláńgá a máa dà pọ̀ mọ́ omi kànga.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ohun tín-tìn-tín tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ gbogbo ara wa, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Sódíọ̀mù, tí í ṣe èròjà inú iyọ̀, kò lè la awọ yìí kọjá bí ó ti wù ú, àfi bí ó bá gba ẹnu-ọ̀nà. Ibi tí iyọ̀ bá sì lọ ni omi ń tọ̀ ọ́ lọ.

Kòkòrò onígbáméjì kì í fa ìfun ya. Oró rẹ̀ ni ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ìfun máa tú iyọ̀ àti omi jáde láìdúró, tí ó sì ń ti ẹnu-ọ̀nà tí iyọ̀ nìkan ń gbà wọlé. Omi iyọ̀ lásán yóò kàn bá ìgbẹ́ lọ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà kan wà tí oró náà kò lè tì. Sódíọ̀mù 2 ní láti bá glúkóòsì 1, èyí tí ó wà nínú ṣúgà, wọ ibẹ̀ pọ̀. Robert Crane, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣàlàyé ìwọlé pọ̀ yìí ní ìlú Prague ní 1960.

Ní òdìkejì sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ kan ń ti sódíọ̀mù 3 sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń gba potásíọ̀mù 2 wọlé. Jens Skou ará Denmark ni ó rí i ní 1957 nínú iṣan akàn (akàn tí àwa ń fi se ọbẹ̀!), ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997. Ọkàn pàápàá gbára lé e: sẹ́ẹ̀lì ọkàn a máa jẹ́ kí sódíọ̀mù 3 padà wọlé kí ó lè lé kálísíọ̀mù 1 jáde, kí ọkàn lè sinmi lẹ́yìn tí ó bá sọ. Ìgbẹ́ gbuuru a máa gbé potásíọ̀mù lọ. Ó wà nínú àpò ORS, kò sí nínú èyí tí a pò nílé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ti inú àpò jù.

Ní 1971, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára tán ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Bangaon, ní Íńdíà. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Níbi tí bíi 30 ti ń kú nínú 100, wọn kò tó 4 mọ́.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ màmá ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ṣúgà àpọ̀jù a máa fa omi sínú ìfun, nítorí náà ẹ má fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò rọ́pò. Ẹ tú ORS sí ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára àpò; bí ó bá jẹ́ lítà 1, píọ̀ wọ́tà 50cl méjì ni. Bí kò bá sí, ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí lítà 1 omi mímọ́, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kí ó tẹ́jú. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí ọmọ bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní ṣíbí ṣíbí. Ẹ má já a lẹ́nu ọmú. Èyí tí ó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò tọ̀, tàbí tí kò lè mu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ṣì lè gbé e mì, ẹ máa fún un lójú ọ̀nà.