Ṣé o mọ̀ pé ìró lè fọ́ òkúta nínú ara?

Ṣé o mọ̀ pé òkúta inú kíndìnrín ṣeé fọ́ láìfi abẹ kan ara? Ìgbì ìró ni wọ́n ń rán sí i. Ìlú Munich ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún èèyàn, lọ́jọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1980. Dókítà Christian Chaussy wà lára àwọn tó ṣe é.

Ṣé o mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù, Dornier, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń rán ìgbì náà? Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wádìí ohun tí ẹ̀kán òjò ń fi ojú bàálù tó ń sáré ju ìró lọ rí. Inú ìwádìí náà ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìgbì tó lágbára yìí.

Inú ọpọ́n omi ńlá ni wọ́n ń gbé aláìsàn sí nígbà náà. Iná á ta pàrà lábẹ́ omi, abọ́ irin kan á sì darí ìgbì rẹ̀ sójú kan ṣoṣo, níbi tí òkúta wà. Ẹran ara fara jọ omi, nítorí náà ìgbì á gbà á kọjá. Ara òkúta líle ló ti ń já agbára rẹ̀ sílẹ̀. Aláìsàn á wá máa tọ èérún òkúta náà jáde. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é fún aláboyún, tàbí fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì.

Ṣé o mọ̀ pé òkúta yìí máa ń tàn yinrin nínú síkáànì onígbì ìró tó ń fi àwọ̀ hàn? Afẹ́fẹ́ tíńtìntín tó há sí pàlàpálá ara rẹ̀ ló ń fà á.

Èyí tó wú mi lórí jù lọ ni ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ní Yunifásítì Washington, nílùú Seattle ní Amẹ́ríkà. Ìgbì irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọ́n kàn fún un lágbára sí i ni. Ó lè ti òkúta kúrò lójú kan, ó sì lè fọ́ ọ. NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn àjò ojú sánmà, náwó sí i, torí eegun àwọn tó ń gbé lójú sánmà máa ń pàdánù kálísíọ́mù, èyí tó lè di òkúta sí wọn lára. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2022, wọ́n dán an wò lára òkúta 23, kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdajì wọn ló fọ́ dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwádìí mìíràn, ojú àwọn aláìsàn là kedere, wọn ò fi oògùn kùn wọ́n lóorun.

Jọ̀wọ́, máa mu omi dáadáa. Bí ẹ̀gbẹ́ bá sì ń ro ọ́ gan-an, tí ibà tún dà pọ̀ mọ́ ọn, má dúró se àgbo: ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ lójú ẹsẹ̀.