Vetiver, Koríko Tó Gbé Òórùn Rẹ̀ Pamọ́ Sábẹ́ Ilẹ̀

Ẹni tó bá já ewé vetiver, tó fi ra ọwọ́, tó gbé e símú, koríko lásán ni yóò gbọ́. Ewé náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le. Ìbátan ewé tíì, koríko ọba tiwa, ni. Àmọ́ inú ewé ni koríko ọba kó òórùn tirẹ̀ sí, vetiver sì kó tirẹ̀ sí gbòǹgbò.

Íńdíà ni ilé rẹ̀. Khus ni wọ́n ń pè é ní àríwá, àwọn Tamil tó wà ní gúúsù ló ni orúkọ vetiver, ushira sì ni nínú àwọn ìwé ìṣègùn èdè Sanskrit. Àwọn oníṣègùn Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, gbà pé agbára kan tó gbóná bí iná wà nínú ara, pitta lorúkọ rẹ̀. Bó bá ru sókè, ara á máa jóni, òùngbẹ á máa gbẹni, òógùn á sì máa bòni. Ushira wà lára ohun tí wọ́n fi ń pẹ̀tù sí i. Nínú Charaka Samhita, ìwé àgbà nínú ìṣègùn náà, ó wà lára èròjà 6 tí wọ́n ń sè sómi fún aláìsàn ibà tí òùngbẹ ń pa. Atalẹ̀ gbígbẹ àti igi olóòórùn tí wọ́n ń pè ní chandana náà wà níbẹ̀. Wọ́n tún máa ń lọ ushira kúnná fi para. Kódà nínú eré Shakuntala tí Kalidasa kọ, nígbà tí ara ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Shakuntala ń gbóná, ìpara ushira ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé lọ fún un.

Ìlò tó wù mí jù kò sí nínú ìkòkò oògùn rárá. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹfà, ooru àríwá Íńdíà lè kọjá 45°C, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí wọ́n ń pè ní loo a sì máa fẹ́. Àwọn èèyàn a hun gbòǹgbò khus bí ẹní, wọn a ta á sẹ́nu ọ̀nà àti ojú fèrèsé, wọn a máa wọ́n omi sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gba àárín rẹ̀ kọjá, omi tó ń gbẹ lára gbòǹgbò a fa ooru inú rẹ̀ mu. Atẹ́gùn tútù a wọlé, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí a sì bá a wọlé. Wọ́n ti ń ṣe é láyé àwọn ọba Mughal tó jẹ ní Íńdíà; àwọn Òyìnbó tó jọba níbẹ̀ lẹ́yìn wọn náà kọ́ ọ.

Ní Kannauj, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, inú ìkòkò bàbà ni wọ́n ti ń yọ òróró rẹ̀. Wọ́n á kó gbòǹgbò àti omi sínú ìkòkò, wọ́n á fi amọ̀ dí i lẹ́nu, wọ́n á dáná igi sí i. Ooru omi gbígbóná á gba inú ọ̀pá ọparun lọ sínú ìkòkò kejì tó jókòó sínú omi tútù. Òróró náà kì í tètè jáde. Ruh khus ni wọ́n ń pè é, bàbà ló sì ń fún un ní àwọ̀ ewé.

Gbòǹgbò yìí kan náà a máa wọlẹ̀ ṣánṣán, ó lè tó mítà 3 tàbí 4. Bí wọ́n bá gbìn ín lẹ́sẹẹsẹ sára òkè, omi òjò kò ní lè wọ́ erùpẹ̀ lọ. Láàárín àwọn ọdún 1980, Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í tan ọgbọ́n yìí kálẹ̀ ní Íńdíà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ òróró gbọ́dọ̀ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ní Haiti, tó wà lára àwọn tó ń ta òróró náà jù láyé, ara òkè ni wọ́n ti ń hú u, òjò a sì kó ilẹ̀ náà lọ lẹ́yìn wọn. Èyí dùn mí. Ní tèmi, kí ọkọ́ má kan ìlà tó wà lára òkè. Èyí tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n máa hú, kí wọ́n sì tún gbin ìdí rẹ̀ padà kí òjò tó dé.