Obìnrin Kàkó: Ẹ̀dá-Ìtàn Tí Kò Lórúkọ

Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), tí ilé iṣẹ́ Nelson ní Ìlúpéjú, lágbègbè Ìkẹjà, tún tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn náà, D. O. Fágúnwà fi orúkọ ṣe àpèjúwe ìwà. Olóhùn-iyọ̀ ni ó ń kọrin. Ìmọ̀dòye ni ó ní ọgbọ́n. Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn ńkọ́? Kùmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ pàápàá rí ààyè nínú orúkọ. Obìnrin rẹ̀ kò rí.

Ojú-ewé díẹ̀ ni obìnrin yìí fi wà láàyè. Nígbà tí Àkàrà-ògùn wá pe Kàkó sí ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó, obìnrin náà dì mọ́ ọkùnrin rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má lọ. Kàkó fa àdá yọ, ó ṣá a pa. Ìrìn-àjò sì ń bá a lọ.

A lè rò pé bí ó ti rí fún gbogbo obìnrin inú ìwé náà nìyẹn, nítorí ọkọ ìyá Àkàrà-ògùn ni ó yìnbọn pa òun náà. Ṣùgbọ́n àjẹ́ ni ìyá yẹn, ó ti pa àwọn orogún rẹ̀. Òǹkọ̀wé ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kí ikú tó dé. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí obìnrin Kàkó ṣẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn ọkùnrin kan. Lójú ìtàn, ìdènà lásán ni, bí igi tó wó sójú ọ̀nà. Àwọn lámèyítọ́ tó ń yin ìgboyà Kàkó kì í sábà dúró níbẹ̀.