Láti Oyè M.A. dé Oyè Ọ̀mọ̀wé nínú Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí wọ́n rò pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín oyè M.A. àti oyè ọ̀mọ̀wé kò ju iye ojú ìwé lọ. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, kí ti èkejì sáà di ọ̀ọ́dúnrún. Èrò yìí ni ó ń mú wọn lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta láìrí ibi tí wọn yóò fìdí iṣẹ́ lé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀kùn ààfin Ìkéré-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ fún Ọ̀gọ̀gà, ó sì fi hàn bí ọba ṣe gba Captain Ambrose, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní àlejò. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley. Kò padà wálé mọ́; inú British Museum ni ó wà títí di òní. Ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ọ̀gọ̀gà.

Akẹ́kọ̀ọ́ M.A. lè ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa ilẹ̀kùn yìí, kí ó fi èrò wọn wé ara, kí ó sì sọ èyí tí ó fara mọ́ àti ìdí rẹ̀. Ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ bi ìbéèrè tí kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé kankan, kí ó sì lọ wá ẹ̀rí rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, John Pemberton gba oríkì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀. Oríkì náà dárúkọ àwọn ìlú àti ààfin tí iṣẹ́ ọkùnrin náà wà. Ká ní ìyá yẹn ti kú ṣáájú ńkọ́? Ìwé wo ni à bá ṣí?

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ̀wé sí alábòójútó kankan, kí ó kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, àti èdè tí yóò fi bá a sọ ọ́. (Ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀ka èdè Èkìtì yóò kọ́ ọ, kò sí ọ̀nà àbùjá.) Kí ó sì dín pápá rẹ̀ kù. Nígbà tí Babátúndé Lawal gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Indiana University ní 1970, ère Ṣàngó ni ó gbájú mọ́, kì í ṣe gbogbo ère ilẹ̀ Yorùbá.