Oògùn Tòótọ́ àti Oògùn Òfìfo: Bí A Ṣe Ń Ṣèwádìí Ìwòsàn Ọkàn fún Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì

Ìfáárà

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn sójà Nàìjíríà kan wà tí wọ́n dá padà wálé, tí orí wọn kò pé mọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Láńtòrò, ní Abẹ́òkúta, ni ìjọba kó irú wọn sí ní ọdún 1944. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn Aró tí gbogbo wa mọ̀ lónìí ti ṣẹ̀. A fi èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni nínú ìjókòó yìí má baà rò pé ọ̀rọ̀ tí kò kàn wá ni a gbé wá. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí lórí bí a ṣe lè wo irú àwọn sójà bẹ́ẹ̀ sàn, ibẹ̀ náà sì ni a ó ti mú àpẹẹrẹ.

Ohun tí a fẹ́ tú wò nínú bébà yìí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin "ó ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan" àti "ó ń ṣiṣẹ́". Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ gbọ́dọ̀ lè fi Yorùbá tó já gaara ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà.

Àìsàn náà

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń wá orúkọ fún un. Ní 1915, dókítà ará Bìrìtìkó kan, Charles Myers, kọ̀wé nípa àwọn sójà tí ìbúgbàù bọ́ǹbù dà lọ́kàn rú. Ní 1980, àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi orúkọ PTSD sínú ìwé àkọsílẹ̀ àìsàn wọn. Ẹni tó ní in lè máa lá àlá ogun lóru, kí àyà rẹ̀ máa já bí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù, kí ó sì máa sá fún ohunkóhun tó lè rán an létí.

Ọ̀ràn prazosin

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni prazosin. Àwọn dókítà kan ṣàkíyèsí pé ó ń dín àlá burúkú kù fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Ní 2003, wọ́n gbé èsì ìwádìí kékeré kan jáde lórí àwọn mẹ́wàá tó ja ogun Vietnam, àlá wọn dínkù. Ní 2013, wọ́n tún gbé òmíràn jáde lórí sójà 67 tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, èsì rẹ̀ náà dára. Àwọn dókítà sì ń kọ oògùn yìí fún aláìsàn.

Ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì wá ṣe ìwádìí ńlá, èyí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Ajagunfẹ̀yìntì 304 ló kópa nínú rẹ̀, ní ilé ìwòsàn 13. Gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti pín wọn sí ọ̀nà méjì: 152 gba prazosin, 152 sì gba oògùn òfìfo, ìyẹn ohun tó jọ oògùn lójú ṣùgbọ́n tí kò sí èròjà kankan nínú rẹ̀. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò náà kò mọ̀. Wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 26. Prazosin kò ṣe ju oògùn òfìfo lọ: kò dín àlá burúkú kù jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò mú oorun sàn jù ú lọ.

Ṣé àwọn dókítà tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ parọ́ ni? Rárá o. Àìsàn yìí a máa le, a sì máa rọ̀. Ìgbà tó bá le jù ni ènìyàn ń lọ rí dókítà, nítorí náà bí ó bá rọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, oògùn tó wà lọ́wọ́ ni yóò gba ìyìn. Bí ẹnìkan bá tún ń bi ọ́ lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ pé báwo lo ṣe sùn, ìyẹn náà ń tuni lára. Àkùkọ a máa kọ, ilẹ̀ a sì máa mọ́. Ẹni tí kò bá tíì pa àkùkọ ilé rẹ̀ jẹ kò lè mọ̀ bóyá òun ló ń mú ilẹ̀ mọ́. Ohun tí oògùn òfìfo wà fún nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹjọ́ prazosin kò tíì parí. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà fúnra wọn sọ pé àwọn tí ara wọn kò balẹ̀ rárá ni wọn kò gbà wọlé, ó sì lè jẹ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà ìbá ràn lọ́wọ́. A fara mọ́ ọn pé ó yẹ kí a rò ó wò, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ṣe àwáwí.

Ìwòsàn tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹnu

Báwo ni ènìyàn ṣe máa ń ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo? Ìbéèrè yìí gan-an ló dùn mọ́ wa jù gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè. Paula Schnurr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn rẹ̀ ní 2007, nínú ìwádìí lórí obìnrin 284, tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ajagunfẹ̀yìntì. Àwọn kan ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní àsọtúnsọ, wọ́n sì ń padà síbi tí wọ́n ti ń yẹra fún. Àwọn yòókù náà ń bá onímọ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ lórí ìṣòro òòjọ́ wọn nìkan. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti àkọ́kọ́ ni a kò lè pè ní alárùn PTSD mọ́. Ìdá 28 ni ti ìkejì. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fi àwọn ìkejì sílẹ̀ láìní alábàárò.

Ní 2022, èsì òmíràn jáde lórí ajagunfẹ̀yìntì 916, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní ilé ìwòsàn 17. Wọ́n fi ìtọ́jú àsọtúnsọ yìí wé èkejì tó ń yẹ èrò ọkàn wò, irú bíi "èmi ni mo fà á tí ọ̀rẹ́ mi fi kú". Àwọn méjèèjì ṣàǹfààní. Àsọtúnsọ fi díẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò tó nǹkan. Ohun tó yẹ kí a dúró lé lórí ni pé ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà nínú àsọtúnsọ ló pa á tì kí ó tó parí, ìdá 47 sì ni ti èkejì. Bí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún, tí mẹ́rìnlélógójì ṣẹ́kù, olùkọ́ tó ní orí pípé kò ní wo máàkì àwọn tó kù nìkan.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Yorùbá kì í ti í ṣe èdè àdúgbò, bíi tiwa, ìwé ìtumọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá lọ bá. A fún wọn ní placebo láti túmọ̀; ọ̀pọ̀ kọ "ayédèrú oògùn". Ayédèrú ni èyí tí oníjìbìtì ń tà lọ́jà, tó ń pani. Bí ìwé ìyọ̀ǹda bá sọ fún sójà pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún un ní ayédèrú, yóò sá lọ. Bí ó bá sì pè é ní "oògùn" lásán, wọ́n ti tàn án jẹ, Ìkéde Helsinki ti 1964 kò sì fàyè gba ìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi yan "oògùn òfìfo".

Fún ìpínsọ́nà-méjì, "ṣẹ́ gègé" ló tọ́. "Dìbò" ìbá ṣe é láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n òṣèlú ti gbà á lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ tó ṣì ń dà wá láàmú ni trial. "Ìdánwò" ni gbogbo ènìyàn ń sọ, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé òun lè féèlì, tàbí kí ó gbà pé Èṣù ló ń dán òun wò. "Ìwádìí ìwòsàn" ni a ń lò báyìí. Kí ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka Haúsá àti Ìgbò jọ̀wọ́ sọ ohun tí tiyín ń pè é.